Ọgbà àti ara tó ń yí padà: ẹ jẹ́ ká kó ìmọ̀ràn jọ síbí

EwéTútù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀pọ̀ tíráǹsì nínú wa, ìyẹn àwọn tí ohun tí wọ́n jẹ́, akọ tàbí abo, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n pè wọ́n nígbà ìbí, ló ń dá ọgbà, ìbéèrè kan náà ló sì ń wọlé lọ́tùn-ún lósì. Tòmátì rọ ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ṣí i kúrò ní násìrì. Ata kò so, ewé ló ń yọ ṣáá. Elégédé ń tanná, òdòdó ń já bọ́, kò sí èso. Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni pé ara ẹni tó ń tọ́jú ọgbà ń yí padà lọ́wọ́: agbára ọwọ́ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀, oògùn wà lára, ọkàn náà kò sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, kí oníkálukú sọ ohun tó dá a lójú nípa méjèèjì. Ìgbésẹ̀ la fẹ́, ìwọ̀n la fẹ́, àti ìdí tí nǹkan fi ń bàjẹ́. Níbi tí ọgbà bá ti jọ ìyípadà ẹni, ẹ sọ ọ́. Níbi tí kò bá jọ ọ́, ẹ sọ ìyẹn náà.

Gbòǹgbò
Ẹ jẹ́ ká ti orí rírọ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nínú ọgbà. Nígbà tí ẹ bá fa èhù kúrò nínú ilẹ̀ tó mọ̀, irun gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó ń mu omi, tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, á já. Ewé kò mọ̀ pé gbòǹgbò ti dín kù. Ó ṣì ń tú omi sínú afẹ́fẹ́ bíi ti àná. Ohun tó ń jáde wá ju ohun tó ń wọlé lọ, ewé á sì rọ. Kì í ṣe pé ewéko náà kọ ibi tuntun.

Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó léwu nìyí: ẹ lọ wò ó ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Bó bá rọ lọ́sàn-án, tó sì dìde nírọ̀lẹ́, ó ń bọ̀ sípò. Bó bá ṣì rọ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ọ̀rọ̀ wà nídìí gbòǹgbò: yálà ilẹ̀ ti gbẹ kanlẹ̀, tàbí omi ti pọ̀ débi pé gbòǹgbò ń jẹrà. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì, bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Bó bá gbẹ níbẹ̀, ẹ bomi rin ín. Bó bá tutù, ẹ fi omi sílẹ̀ pátápátá. Gbòǹgbò ń mí. Omi tí a ń dà lé èyí tó ti rì sínú omi ló ń pa á, bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ la fi ń dà á.

Ní ti ṣíṣí gbìn fúnra rẹ̀, ọjọ́ 7 sí 10 ṣáájú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ gbé èhù síta fún wákàtí kan tàbí méjì lábẹ́ ìbòjì, níbi tí atẹ́gùn líle kò dé. Lójoojúmọ́, ẹ fi wákàtí kan tàbí méjì kún un, kí oòrùn àárọ̀ sì máa kàn án díẹ̀díẹ̀. Èhù tó bá ti inú ilé bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán gan-an á ní àpá funfun lójú ewé bí ẹni pé omi gbígbóná dà sí i. Ewé yẹn kò ní sàn mọ́, àmọ́ èyí tó bá yọ lẹ́yìn rẹ̀ á dára, nítorí náà ẹ má tìtorí àpá fa gbogbo rẹ̀ tu. Nírọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣí i, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bomi rin ín ní wákàtí kan ṣáájú. Ewé ni kí ẹ dì mú, ẹ má fún igi rẹ̀ lọ́wọ́: ewé tó já á yọ òmíràn, igi tó bá fọ́, ó tán nìyẹn. Tòmátì ni kí ẹ rì mọ́lẹ̀ dé abẹ́ ewé rẹ̀ ìsàlẹ̀, nítorí igi rẹ̀ ń ta gbòǹgbò níbi tí ilẹ̀ bá bò ó. Ata kò nílò ìyẹn. Bó ṣe jìn tẹ́lẹ̀ ni kó ṣe jìn. Ẹ da bí ìdajì lítà omi sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ ṣíji bò ó fún ọjọ́ 3 sí 5, kí ẹ sì já òdòdó tó bá ti wà lórí rẹ̀ dànù. Ẹ má fún un ní fatiláísà títí ewé tuntun á fi yọ, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ 2.

Ní ọ̀sẹ̀ 2 yẹn, òkè kò ní yí padà rárá. Abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Lójú mi, ibẹ̀ ni ọgbà ti jọ ìyípadà ẹni jù lọ. Ẹni tó ń fa ewéko tu kó lè wò ó bóyá ó ti ta gbòǹgbò ló ń já irun gbòǹgbò náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ń dúró níwájú dígí nígbà ogún lójúmọ́ ń fi ọkàn ara rẹ̀ ṣe ohun kan náà.

Ilẹ̀Dúdú
Kí ẹ tó dá ewéko lẹ́bi, ẹ yẹ ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí ìbú rẹ̀ náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ rọ omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, ẹ tún un rọ kún. Ẹ ki igi tí ẹ ti sàmì sí bọ ọ́, kí ẹ sì wo iye tí omi fi lọ sílẹ̀ láàrin wákàtí kan. Sẹ̀ǹtímítà 3 sí 8 dára. Bó bá kéré sí ìyẹn, amọ̀ ló pọ̀: ẹ kọ ebè tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, kí ẹ sì po ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn. Ẹ má da iyanrìn díẹ̀ sínú amọ̀ kó lè rọ̀. Ṣe ló máa ń le bíi bíríkì. Bí omi bá ń lọ kánkán jù, iyanrìn ló pọ̀; ajílẹ̀ jíjẹrà náà ni oògùn rẹ̀, kó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ rò ó pọ̀ mọ́ sẹ̀ǹtímítà 15 òkè ilẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ọ̀pọ̀ tíráǹsì ń bi ara wọn pé, "Kí ló ṣe mí tí n kò fi gbilẹ̀?" nígbà tí ilẹ̀ tí wọ́n wà kò fa omi. Ilé tí wọn kì í ti í pe orúkọ rẹ, tí gbogbo oúnjẹ ọ̀sán ń di ẹjọ́, ilẹ̀ amọ̀ ni. Ó lè má ṣeé ṣe láti kúrò níbẹ̀ lónìí. Ẹ kọ ebè kan ṣoṣo: ibì kan, wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, láàrin èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó ń pè yín bó ṣe yẹ. Bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tí ẹ ń bẹ̀rù ni orùlé àti oúnjẹ yín wà, ẹ ti ní ibi tí ẹ máa sùn, ẹ ti kó ìwé ẹ̀rí yín pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣeé gbọ́kàn lé, kí ẹ tó la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un. A kì í fa èhù tu kí a tó gbẹ́ ihò tó máa wọ̀.

Àbúrò_Òdòdó
Ẹ̀gbọ́n Gbòǹgbò, ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́ 7 sí 10 yẹn, ṣé ó kan ọ̀rọ̀ orúkọ tuntun tí a ń mú nígbà ìyípadà náà, àbí mo ń na àkàwé jù?

Gbòǹgbò
Ẹ kò nà án jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan, nínú yàrá kan. Kí ẹni yẹn máa fi orúkọ náà pè yín nínú ọ̀rọ̀ tí kò ṣe pàtàkì: "gbé omi yẹn wá," "ṣé o ti jẹun?" Ọ̀sẹ̀ kan bẹ́ẹ̀, ẹ á mọ̀ bóyá orúkọ náà jókòó lára yín tàbí ẹ fẹ́ òmíràn. Kò sí àbùkù nínú pípààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì jẹ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ kékeré, lẹ́yìn náà ni ìta.

Èdè wa tiẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ níbí. "Ó" kì í béèrè akọ tàbí abo, bẹ́ẹ̀ ni "ẹ̀gbọ́n" àti "àbúrò." Ibi tó ti ń ta èèyàn ni "bùrọ̀dá," "àǹtí," "dádì," "màmá." Nítorí náà, àwọn tó ti máa ń pè yín ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ni ìbòjì ọjọ́ àkọ́kọ́: ètè wọn kò ní ohun púpọ̀ láti yí padà. Ẹ fi àwọn tó ń pe "bùrọ̀dá" tàbí "àǹtí" sí ọjọ́ kẹjọ, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún wọn gbangba. Bí ẹ bá ní "ẹ má pè mí ní bùrọ̀dá mọ́," tí ẹ kò sì fún wọn ní ọ̀rọ̀ mìíràn, wọ́n á padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Ajílẹ̀Jíjẹrà
Èyí tó ń yọ ewé tí kò so: náítírójìn ló pọ̀ jù. Náítírójìn ń ti ewéko sí ewé àti igi; kò ní ráyè òdòdó. Ẹ máa rí ewé tó dúdú mìnìjọ̀, tó tóbi, tó rọ̀, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń mu oje ewé á sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá tún fi kún un, etí ewé á gbẹ, á di aláwọ̀ igi bí ẹni pé iná jó o. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ló ń ṣe èyí jù, nítorí ó gbóná gan-an. Ẹ kó o jọ, ẹ pò ó mọ́ koríko gbígbẹ, ẹ jẹ́ kó jẹrà fún ó kéré tán oṣù 3. Oṣù 6 ló fọkàn balẹ̀ jù. Nígbà tó bá ń rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, tí kò ta imú mọ́, ó ti tó lò.

Bó bá ti jó nínú ìkòkò, ẹ gbé ìkòkò síbi tí omi ti lè sàn lọ, ẹ da omi tó tó ìlọ́po méjì ìkòkò náà gba inú rẹ̀ kọjá, díẹ̀díẹ̀, kí iyọ̀ tó ti dì síbẹ̀ lè ṣàn jáde nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ má fún un ní nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ 3.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí sílẹ̀ síbí, nítorí àṣìṣe kan náà ń ba ara jẹ́. Họ́mónù, oògùn tí a fi ń yí ara padà, tí a bá lò ó ju ìwọ̀n lọ, kì í mú ìyípadà yá. Bí testosterone (họ́mónù tó ń mú ara rí bíi ti ọkùnrin) bá pọ̀ jù lára, ara máa ń sọ apá kan rẹ̀ di estrogen (èyí tó ń mú ara rí bíi ti obìnrin), ẹ̀jẹ̀ náà á sì máa ki nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ ń pọ̀. Estrogen tó pọ̀ jù ń fi ewu ẹ̀jẹ̀ dídì kún un, pàápàá èyí tí a ń gbé mì, ó sì burú jù fún ẹni tó ń mu sìgá. Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú tó ń ro, tàbí tí èémí kúrú lójijì, tàbí tí àyà ń dunni, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń béèrè lórí ẹ̀rọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ìka tí a ń tì bọ ilẹ̀: bíi oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní ọdún kìn-ín-ní, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹni tó ń fi kún oògùn láìṣe àyẹ̀wò ń bomi rin ilẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn.

OṣùDéOṣù
Lórí sùúrù, ẹ jẹ́ ká fi iye sí i, nítorí "yóò dára" lásán kò wúlò. Fún ẹni tó ń lo testosterone: òróró ojú àti ìrorẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù 1 sí 6; nǹkan oṣù sábà máa ń dáwọ́ dúró láàrin àkókò yẹn náà; ohùn ń wúwo láàrin oṣù 1 sí 6, ó sì lè gba ọdún kan tàbí méjì kó tó jókòó; irùngbọ̀n ń yọ láti oṣù 6 sí 12, ó sì lè ju ọdún 5 lọ kó tó kún. Ohùn tó ti wúwo kì í padà bí ẹ bá tilẹ̀ dáwọ́ oògùn dúró. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé testosterone jẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, oyún lè dúró bí nǹkan oṣù tilẹ̀ ti dáwọ́ dúró.

Fún ẹni tó ń lo estrogen: awọ ara ń rọ̀, iṣan ẹran ń dín kù, ọmú ń yọ, ọ̀rá ara sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ síbi tuntun, gbogbo wọn láàrin oṣù 3 sí 6. Ọmú gba ọdún 2 sí 3, ọ̀rá ara gba ọdún 2 sí 5. Estrogen kì í tín ohùn. Ìdánrawò ló ń ṣe é: ìṣẹ́jú 10 sí 15 lójoojúmọ́ dára ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dunni, ẹ dáwọ́ dúró ní ọjọ́ náà.

Ẹni tí kò lo họ́mónù rárá, tàbí tí kò ka ara rẹ̀ sí akọ tàbí abo, kò dín kù lójú ẹnikẹ́ni níbí. Ewéko mìíràn ń fi gbogbo ọdún gbé nínú ìbòjì, ó sì ń ṣe dáadáa.

Ohun kan tó ń ran àwọn aláìnísùúrù lọ́wọ́ ni ìwé ọgbà. Ìwé kékeré kan, ojú ìwé kan fún oṣù kan. Apá òsì fún ọgbà: ọjọ́ tí ẹ gbin nǹkan, ọjọ́ tó hù, omi, òjò, kòkòrò. Apá ọ̀tún fún ara: ìwọ̀n oògùn, ibi tí ẹ fi sí, oorun, bí ọkàn ṣe rí. Àwòrán kan lóṣù, láti ibì kan náà, ní wákàtí kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà. Àwòrán ojoojúmọ́ kì í fi nǹkan kan hàn, nítorí ọjọ́ kan sí èkejì kéré jù. Ẹ gbé ti oṣù kìn-ín-ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù keje.

Ìkòkò
Díẹ̀ ni tèmi. Nígbà tí gbòǹgbò bá ti ń yí po nínú ìkòkò, tó ń yọrí nísàlẹ̀, ìkòkò tó fẹ̀ jù ú lọ ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ má gbé e sínú àgbá ńlá lẹ́ẹ̀kan náà: ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé kò ní gbẹ, á kan, gbòǹgbò á jẹrà. Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ fi abẹ la ẹ̀gbẹ́ ìdì gbòǹgbò náà níbi 3 tàbí 4 láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó jìn ní sẹ̀ǹtímítà kan péré, kó má bàa máa yí po lọ. Ó ń bani lẹ́rù láti gé e, àmọ́ èyí tí a kò gé á máa ranjú mọ́ ìkòkò àtijọ́ tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe pààrọ̀ iṣẹ́, ilé, orúkọ, aṣọ àti oògùn láàrin oṣù kan. Ìkòkò kan sí èkejì.

ẸniIbẹ̀pẹ
Kò yẹ kí a sọ̀rọ̀ yìí láìdárúkọ ìbẹ́pẹ. Oríṣi mẹ́ta ló wà: akọ, abo, àti èyí tó jẹ́ méjèèjì. Ẹ kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n lára irúgbìn tàbí èhù. Ó di ìgbà tó bá tanná, bí oṣù 4 sí 8. Ti akọ ń fì lórí ọ̀pá gígùn tó ní ẹ̀ka, òdòdó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ti abo sún mọ́ igi, ìdí òdòdó rẹ̀ yọ rogodo. Ti méjèèjì náà sún mọ́ igi, àmọ́ ìdí òdòdó rẹ̀ gùn gbọọrọ. Èso rẹ̀ náà sì gùn, nígbà tí ti abo rí roboto. Ìdí nìyí tí a fi ń gbin irúgbìn 3 sí 5 sínú ihò kan, tí a sì ń dúró kó tanná kí a tó dín in kù sí ẹyọ kan.

Bí oòrùn bá mú jù tàbí tí omi bá wọ́n, igi tó jẹ́ méjèèjì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó tó ṣe bíi ti akọ, kó má so fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má gé e. Ẹ bò ó nídìí pẹ̀lú koríko gbígbẹ, ẹ bomi rin ín dọ́gbadọ́gba. Yóò padà so. Igi akọ mìíràn náà máa ń ṣàdédé so èso. Ẹni tó bá ní ohun tí wọ́n pe nǹkan ní ọjọ́ kìn-ín-ní ni yóò jẹ́ títí láé, kó lọ jókòó sí abẹ́ ìbẹ́pẹ.

Ilẹ̀Dúdú
Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ sọ nípa ìbẹ́pẹ tọ́, ẹ sì ti là á yé wa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra lórí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Oòrùn àti omi ló ń yí òdòdó ìbẹ́pẹ. Kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá mú ewéko mìíràn wá tí kì í yí padà, ṣé a máa gbà pé ẹjọ́ wa ti tán? Èèyàn kò nílò ẹlẹ́rìí láti inú oko kó tó jẹ́ ẹni tó jẹ́. Ohun tí ìbẹ́pẹ lè kọ́ wa ni pé kí a dúró dé òdòdó kí a tó gé.

ẸniIbẹ̀pẹ
Mo gbà. Ẹ̀kọ́ ìdúró yẹn ni kí ẹ mú.

Ọwọ́Nọ́ọ̀sì
Ẹ kú àpérò. Ó ku apá kan tí a kò tíì fọwọ́ kàn: ara yín fúnra rẹ̀ nínú oòrùn, pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tó ń lo báíńdà láti fún àyà pẹlẹbẹ: ẹ má wọ̀ ọ́ ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́, ẹ má sì fi sùn. Ẹ má fi gbẹ́lẹ̀, ẹ má fi roko. Nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ tẹ́ ń gbé, ẹ̀dọ̀fóró nílò àyè láti fẹ̀, báíńdà kò sì ní gbà fún un. Òógùn abẹ́ rẹ̀ náà ń bó awọ ara. Ẹ wọ bùrésíà eré ìdárayá tó dẹ̀ díẹ̀ àti ẹ̀wù dúdú tó fẹ̀ lórí rẹ̀. Báńdéèjì tí a fi ń di ọgbẹ́ kò yẹ fún àyà rárá: bí ẹ ṣe ń mí ló ń fún sí i, ó lè ṣe egungun ìhà léṣe. Bí egungun ìhà bá ń ro yín, tàbí èémí kò dé ìsàlẹ̀, ẹ bọ́ ọ ní ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin tó ń fi jẹ́ẹ̀lì testosterone pa ara: ẹ ṣe iṣẹ́ ọgbà tán, ẹ wẹ̀, ẹ nu ara gbẹ, kí ẹ tó pa á. Bí ẹ bá pa á tán tí ẹ bọ́ sínú oòrùn, òógùn á ṣàn án lọ. Iye wákàtí tí ẹ kò fi ní wẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yàtọ̀ láti orí oríṣi kan sí èkejì, ìwé inú páálí ló máa sọ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà láàrin wákàtí 2 sí 6. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ fi aṣọ bo ibi tí ẹ pa á sí. Kò gbọ́dọ̀ kan ọmọdé tàbí aboyún.

Ẹ̀yin tó ń lẹ patch estrogen, ìyẹn bébà oògùn tí a ń lẹ̀ mọ́ ara: awọ ara tó mọ́, tó gbẹ, tí kò ní ìpara, nísàlẹ̀ ìbàdí tàbí ìdí, níbi tí bẹ́líìtì kò ní máa gé e. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ síbi kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra.

Spironolactone, oògùn tí àwọn kan ń lò pẹ̀lú estrogen láti dín iṣẹ́ testosterone kù, ń fa omi àti iyọ̀ jáde nínú ìtọ̀, ó sì ń mú kí potassium ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ooru, èyí ni òòyì tó ń kọ́ yín nígbà tí ẹ bá dìde lójijì láti ibi tí ẹ ti ń tu koríko. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣiṣẹ́, kí ìgò omi wà ní ẹ̀gbẹ́ ebè gan-an, kí ẹ sì kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí ẹ tó dìde. Ẹ má ra iyọ̀ àfirọ́pò, nítorí potassium ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Kéènì omi tó gba lítà 10 wúwo ní kílò 10, yàtọ̀ sí kéènì fúnra rẹ̀. Ẹni tí estrogen ti ń dín iṣan rẹ̀ kù á mọ̀ ọ́n ní èjìká kí ó tó mọ̀ ọ́n lórí ìwọ̀n. Kéènì lítà 5 méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ̀yìn yín ni ẹ ń tọ́jú. Ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì fún gbogbo wa, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì náà sì gbọ́dọ̀ wà ní àkókò. Ọdún 10 ni wọ́n sábà máa ń tún un gbà.

EwéTútù
Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ àyà ńkọ́? Báwo ni ọgbà kò ṣe ní kú ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí kò ní lè gbé nǹkan?

Ọwọ́Nọ́ọ̀sì
Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni ọ̀pọ̀ dókítà ń ní kí ẹ má gbé ohun tó wúwo, kí ẹ má sì na ọwọ́ kọjá èjìká. Ti yín lè yàtọ̀, ẹ tẹ̀ lé ohun tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà bá sọ. Iṣẹ́ abẹ nísàlẹ̀ ara gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, lílóṣòó sì wà nínú ohun tí wọ́n máa kọ̀ fún yín. Kí ojú ọgbẹ́ tó pa dé pátápátá, ilẹ̀ àti ajílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Àpá tuntun kò sì fẹ́ oòrùn fún bí ọdún kan; ẹ̀wù tó nípọn ni kí ẹ fi bò ó.

Ilẹ̀Dúdú
Ní ti ọgbà, oṣù kan ṣáájú ni kí ẹ ti múra. Ẹ ro gbogbo ilẹ̀ tán, ẹ bomi rin ín dáadáa, kí ẹ wá fi koríko gbígbẹ tí kò ní irúgbìn bò ó, kó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8. Ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ yí igi ewéko ká, kó má bàa jẹrà nídìí. Ìyẹn nìkan á dín koríko àti omi kù gan-an. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò 2 sí ìdérí ìgò lítà 2, ẹ dorí rẹ̀ kodò sínú ilẹ̀ dé ìdajì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewéko, ẹ gé ìdí rẹ̀ tó wà lókè, kó lè ṣeé rọ omi sí láìtẹ̀ púpọ̀. Ẹ dán an wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: bí omi bá tán láàrin wákàtí kan, ihò ti fẹ̀ jù. Ẹ má gbin ohun tó nílò ìkórè ojoojúmọ́ ní àkókò yẹn, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan pàtó, ní orúkọ, pé òun ni yóò máa rọ omi ní ọjọ́ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè. "Ẹ bá mi wo ọgbà" tí a sọ fún gbogbo èèyàn, kò sí ẹni tó ń wò ó.

Ó tún ku nǹkan kan: ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọkàn àwọn kan máa ń dorí kodò, bí wọ́n tilẹ̀ ti fẹ́ iṣẹ́ abẹ náà tipẹ́. Ọgbà ń tuni lára, àmọ́ kò rọ́pò ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀. Bí èrò pé kí ẹ ṣe ara yín léṣe bá wọlé, ẹ má dá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ pe ẹnì kan ní alẹ́ yẹn gan-an, tàbí kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Àbúrò_Òdòdó
Ó ku elégédé, ẹ̀gbọ́n mi.

ẸniIbẹ̀pẹ
Elégédé kò ṣàìsàn. Òdòdó akọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú ti abo, gbogbo rẹ̀ á sì já bọ́ nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti so. Ẹ wo abẹ́ òdòdó: ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ, akọ nìyẹn. Bí elégédé kékeré kan bá jókòó sí abẹ́ rẹ̀, abo ni. Bí abo bá ti wà, tí èso kékeré náà ń pọ́n, tó ń rọ, kòkòrò kò gbé àtíkè òdòdó dé ibẹ̀. Ẹ jí ní kùtùkùtù, nítorí kí ọ̀sán tó pọ́n ni òdòdó náà ń pa dé. Ẹ já akọ kan, ẹ bó ewé òdòdó rẹ̀ kúrò títí ẹ ó fi rí ọ̀pá àárín tó ní àtíkè pípọ́n. Ẹ fi ra àárín òdòdó abo, yípo, jẹ́jẹ́. Akọ kan tó fún abo méjì tàbí mẹ́ta. Láàrin ọjọ́ 3 sí 5, èyí tó gbà á á bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi.

Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ náà sórí pátákó tó wà nídìí rẹ̀, ẹ má fi bíírò kọ ọ́: oòrùn á pa yíǹkì rẹ́, pẹ́ńsù kì í parẹ́. Bó bá jẹ́ pé orúkọ ewéko mìíràn ló wà lára pátákó náà tẹ́lẹ̀, ẹ fi rọ́bà nù ún kúrò kí ẹ tó kọ tuntun. Ẹni tó bá bá yín rọ omi ní Mọ́ńdè, ohun tó bá kà síbẹ̀ ni yóò tọ́jú.